Àdúrà Ẹnu Géètì àti Búlúù Fàsílátù

Ọdún kejìdínlógún rèé tí Màmá Ògúnkànmí ti dá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Lotto, ní Mowe. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tàbí olùkọ́ kan tó gba ẹnu géètì wọlé láàárọ̀ láìgba àdúrà. Ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ ọyẹ́, kí agogo méje ààbọ̀ tó lù, Màmá á ti jókòó sórí àga pẹlẹbẹ kan lẹ́bàá géètì, Bíbélì lórí itan, ìnujú lọ́wọ́.

Bí ọmọ bá dé, yóò kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, yóò dìde, yóò sì di ojú. Màmá náà yóò di ojú, nítorí ó gbà pé ẹni tó bá ń la ojú gbàdúrà, ọjà ló ń ná. Yóò kọ́kọ́ nu imú ọmọ náà. Bó ti wù kí ojú rẹ̀ dì tó, ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí imú ọmọ wà bí ẹsẹ̀ ṣe mọ ọ̀nà ilé. Lẹ́yìn náà, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọmọ náà níwájú orí, yóò wí pé, "Orí rẹ á pé. Oò ní ṣàìsàn. Oò ní bá wọn rí jàǹbá ojú títì. Wọlé, ọmọ ìbùkún."

Ìnujú kan náà ni fún gbogbo wọn. Aṣọ àdìrẹ ni, aláró tó dúdú dáadáa, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Olúwadámiláre tó ń gbé ní Àgbàdo, rà fún un. Màmá máa ń fọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń lọ̀ ọ́, kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìyá wo ló ń wá ìnujú méjì fún ọmọ tirẹ̀? Gbogbo àwọn ọmọ méjìléláàádọ́fà tó wà nílé-ẹ̀kọ́ náà ló sì kà sí tirẹ̀.

Àwọn òbí tó jẹ́ Mùsùlùmí kò bá a jà sí i. Mùsáfírù aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, máa ń wí pé, "Àdúrà kì í ṣìnà. Èmi ti ṣe àmín tèmi."

Nígbà tí sáà kejì wọlé lọ́dún náà, ọyẹ́ dé pẹ̀lú ìbínú, ọ̀fìnkìn sì bá a wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́ kan níbí, sísín kan lọ́hùn-ún. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, bí àwọn ọmọ bá ń kọ orin ìyìn láàárọ̀, ikọ́ ló ń bá wọn ṣe ègbè. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ní ibà, ara ń ro wọ́n. Nígbà tó di Ọjọ́rú kan, ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni kò wá. Àwọn òbí ṣe ìpàdé, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ sọ fún Màmá pé bí iye àwọn tó ń ṣàìsàn kò bá dín kù kó tó di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn yóò kó àwọn ọmọ jókòó sílé, àwọn yóò sì ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa di ìgbà tí ọyẹ́ bá lọ.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Màmá lára. Láti ọdún méjìdínlógún, géètì náà kò tì rí lọ́jọ́ tó yẹ kó ṣí. Ṣùgbọ́n kò bọ́hùn.

"Ẹ má fòyà," ó ní. "N ó fi kún àdúrà."

Ó sì fi kún un lóòótọ́. Láti ọjọ́ kejì, ọwọ́ méjèèjì ló ń gbé lé wọn, ọ̀kan níwájú orí, ọ̀kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ń gbàdúrà láàárọ̀ bí wọ́n bá ń wọlé, ó tún ń gbà á lọ́sàn-án bí wọ́n bá ń lọ sílé. Ìnujú kò sinmi. Ọ̀fìnkìn náà kò sinmi.

Ẹnì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kó sùn dáadáa. Fọláwẹ̀mí ni, olùkọ́ kíláàsì kejì, ọmọ Ìkirè. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Mowe tí kò mọ ẹnikẹ́ni, Màmá ló gbà á síṣẹ́ láìbéèrè ẹni tó rán an wá. Fọláwẹ̀mí ti rí ìnujú náà, ó sì ti mọ ohun tó ń ṣe. Ìṣòro rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹnu kò gbà á láti sọ ọ́.

Ó lọ bá Ọ̀gá Ayọ̀wálé, olùkọ́ kíláàsì kẹfà, nínú yàrá àwọn olùkọ́.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ rí ìnujú Màmá yẹn?"

"Mo rí i. Mo ti ń rí i láti ọdún mẹ́fà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

Ayọ̀wálé bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Kí n sọ pé kí ni? 'Màmá, ẹ kú iṣẹ́ àdúrà o, ẹ̀yin lẹ ń fún wa lọ́fìnkìn'? Fọláwẹ̀mí, mo níyàwó, mo bímọ. Ìwọ tí oò tí ì lọ́kọ ni kó o lọ sọ ọ́. Bí wọ́n bá lé ẹ, ṣebí dòdò Ìkirè ń dúró dè ẹ́ nílé."

"Ẹ ò ní ojú àánú rárá."

"Mo ní in. Ọjọ́ tó o bá ń lọ, mo máa bá ẹ gbé àpótí dé ibi tó o ti máa wọkọ̀."

Fọláwẹ̀mí ṣe ọkàn gírí. Ní ọjọ́ náà gan-an, ó wọ ọ́fíìsì Màmá lọ, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ kan ni mo ní. Nípa ìnujú yín yẹn..."

Ojú Màmá tàn. "Ó wù ẹ́, àbí? Mo mọ̀! Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́. N ó ní kí Dámiláre ra tìẹ wá láti Abẹ́òkúta."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá. Ọ̀rọ̀ náà wúwo díẹ̀..."

"Ó wúwo?" Màmá wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì mi orí bí ẹni tí a ti fi àṣírí hàn. "Ọmọ mi, ó ti yé mi. Má sọ mọ́. Ọkọ ni." Kó tó di pé Fọláwẹ̀mí dáhùn, ọwọ́ méjèèjì ti wà lórí rẹ̀. Fún ogún ìṣẹ́jú ni Màmá fi ń bẹ Ọlọ́run kí ó rán ọkọ rere sí i, ẹni tó ga, tó ń ṣiṣẹ́, tí kì í mutí. Nígbà tí Màmá parí, ó fi ìnujú nu omi ojú tó dà lójú Fọláwẹ̀mí. Ní ọjọ́ kejì, Fọláwẹ̀mí ń sín.

Nígbà tí kò rí àgbà sọ fún, ó pinnu pé òun yóò sọ fún àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó, ó lọ búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun, ó pò ó mọ́ fasilíìnì, ó sì fi í pa ọwọ́ Fàsílátù, ọmọ Mùsáfírù aránṣọ.

Ọmọ ọdún méje ni Fàsílátù. Imú rẹ̀ kì í gbẹ láti oṣù Ọ̀wàrà títí dé oṣù Ẹrẹ́nà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ìbéèrè nígbàkigbà nínú ọdún.

"Ojú wa kì í rí ọ̀fìnkìn," ni Fọláwẹ̀mí wí fún wọn. "Ẹ jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé búlúù yìí ni. Ó yá, ẹ lọ ṣeré yín."

Nígbà tí wọ́n wọlé padà, búlúù ti wà lára ọmọ mọ́kàndínlógún nínú mẹ́rìnlélógún. Ó wà lára ìdérí ike omi, ó wà létí ẹnì kan, ó wà lára ìwé ìṣirò ẹni tó búra pé òun kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Fọláwẹ̀mí kọ́ wọn bí a ti ń fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ọwọ́, bí a ti ń fi ìgúnpá bo ẹnu bí a bá ń sín, àti ìdí tí ẹni tó ń ṣàìsàn fi gbọ́dọ̀ dúró sílé. Inú Fàsílátù dùn ju ti gbogbo wọn lọ. Ó bẹ̀bẹ̀ títí Àǹtí Fọláwẹ̀mí fi di ìyókù búlúù náà sínú bébà fún un, pé kó lọ fi kọ́ bàbá rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ kò ráyè. Aṣọ ìgbéyàwó ló ń rán lọ́wọ́. Báyìí ni búlúù náà ṣe wà nínú àpò Fàsílátù di ọjọ́ Ajé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé náà, ọmọ yìí jókòó, ó ronú. Àǹtí ní ojú kì í rí ọ̀fìnkìn. Àǹtí ní búlúù ló ń jẹ́ ká rí i. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun Fàsílátù fẹ́ mọ ibi tí ọ̀fìnkìn tòun ń rìn dé lójúmọ́. Ó tú bébà náà, ó sì fi búlúù kun abẹ́ imú rẹ̀ dáadáa, bí ẹni ń kun ògiri.

Kùrukùru ọyẹ́ ti bo Lotto lọ́jọ́ náà. Nítorí pé ilé wọn kò jìnnà ju ẹ̀yìn ọgbà lọ, Fàsílátù ló kọ́kọ́ dé géètì, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Màmá ti di ojú sílẹ̀ dè é. Fàsílátù kúnlẹ̀, ó dìde, ó di ojú. Ìnujú aláró kọjá lábẹ́ imú rẹ̀. Aró pàdé búlúù, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ọwọ́ Màmá bà lé e níwájú orí àti ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Wọlé, ọmọ ìbùkún."

Èkejì dé, ó di ojú. Ẹ̀kẹta dé, ó di ojú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tò wọlé, ọmọ àti olùkọ́, bí ẹran tó ń wọ ọkọ̀ Nóà, títí tí agogo fi lù.

Nígbà tí wọ́n tò sójú àgbàlá, tí kùrukùru ti ká díẹ̀, Ọ̀gá Ayọ̀wálé ló ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ó gùn. Nígbà tó ṣe àmín, gbogbo wọn la ojú, wọ́n wo ara wọn.

Ọmọ kan ké. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀rín bú jáde, tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà dúró. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni imú wọn ti di búlúù. Àmì ọwọ́ wà níwájú orí wọn, àmì ọwọ́ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Àwọn tó tètè dé dúdú bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró. Ti àwọn tó tẹ̀ lé wọn mọ́ díẹ̀. Ti àwọn tó pẹ́ lẹ́yìn kò ju òféfèé lọ, bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá Ayọ̀wálé, tó ń fọwọ́ sí ìwé lójoojúmọ́ pé òun dé ní agogo méje, ní òféfèé jù lọ nínú gbogbo wọn.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ló pariwo, ó fọwọ́ nu irun ètè rẹ̀, ó wo ọwọ́ náà, ó sì tún pariwo.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín níwájú Olúwa?" ni Màmá ń bi wọ́n. Imú tirẹ̀ ló dúdú jù, nítorí òun náà ti fi ìnujú náà nu imú nígbà mẹ́ta. Ó fi awò ojú rẹ̀ sójú. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ta ló ṣe èyí?"

Fọláwẹ̀mí ti ń ronú àpótí rẹ̀ àti ẹni tó ṣèlérí láti bá a gbé e. Ṣùgbọ́n Fàsílátù ti bọ́ síwájú, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Èmi ni, Màmá! Ọ̀fìnkìn mi ni! Ó ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn! Ẹ wò ó, ó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ayọ̀wálé pàápàá!"

Màmá tẹ́ ìnujú rẹ̀ sórí ọwọ́. Ó wò ó pẹ́. "Ọwọ́ mi ni?" ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó yí padà, ó wọ ọ́fíìsì lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí Fọláwẹ̀mí wọlé tọ̀ ọ́, ó bá a tó jókòó, ọwọ́ méjèèjì lórí tábìlì bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Fọláwẹ̀mí kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ búlúù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"O ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìnujú yìí ni?"

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹ forí jì mí."

"Kí ló dé tí oò sọ fún mi?"

"Mo wá sọ ọ́, Màmá. Ẹ gbàdúrà ọkọ fún mi."

Ẹ̀rín fẹ́ já bọ́ lẹ́nu Màmá, ṣùgbọ́n ẹkún ló borí. "Fọláwẹ̀mí, ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Dámiláre, nígbà tí à ń gbé ní Ifọ̀. Àyà rẹ̀ ń dún bí ewé gbígbẹ, bàbá rẹ̀ kò sí nílé. Mo gbọ́wọ́ lé e lórí, mo ní, 'Olúwa, bí O bá dá a sí fún mi, ọmọ kan kò ní gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá láàárọ̀ láìgba àdúrà.' Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó béèrè ẹ̀kọ. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run kò gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn. Bí mo bá ń ṣe é, mò ń kó àrùn ran ọmọ ọlọ́mọ. Bí n kò bá ṣe é, mo di òpùrọ́ níwájú Ẹni tó fún mi lọ́mọ. Kí ni kí n ṣe?"

Fọláwẹ̀mí wí pé, "Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ìtàn Náámánì lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Náámánì adẹ́tẹ̀. Kí ló ṣe?"

"Nígbà tó dé ilé Èlíṣà, kí ló ń retí kí wòlíì ṣe?"

"Ó ń retí kó jáde wá, kó na ọwọ́..." Màmá gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. "Kó na ọwọ́ sí i. Èlíṣà kò sì jáde. Ọ̀rọ̀ ló fi rán ìránṣẹ́ sí i. Ó ní kó lọ..."

"Kó lọ wẹ̀, Màmá."

"Kó lọ wẹ̀!" Màmá dìde dúró. "Nígbà méje! Ọmọ yìí, ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń ka ibẹ̀, ẹ̀tẹ̀ nìkan ni mo ń rí, n kò rí omi!"

Ibi tí wọ́n dé nìyí tí Mùsáfírù aránṣọ já wọlé, tí téèpù ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Wọ́n ní wọ́n kun ọmọ mi láró!"

"Ọmọ rẹ ló kun gbogbo wa," ni Màmá dáhùn. "Jókòó."

Nígbà tí Mùsáfírù gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màmá, ti omi kò le. Bùúta mẹ́rin ń bẹ nílé mi tí a fi ń ṣe àlùwàlá. Omi á máa ṣàn lọ, kò ní sí ẹni tó máa ki ọwọ́ bọ inú abọ́ ẹlòmíràn. Ti ìnujú náà, èéjá aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù mi. N ó rán ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan."

Ní ọjọ́ kejì, bùúta mẹ́rin àti ọṣẹ ti wà lẹ́nu géètì. Wọ́n fi Fàsílátù ṣe olórí omi, ó sì ń dà á sọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga tó pọ̀. "Ẹ̀yìn ọwọ́ ńkọ́? Àárín ìka ńkọ́? Ṣé o fẹ́ kí n mú búlúù wá ni?" Ẹni tó bá fọwọ́ tán yóò dúró sórí ìlà tí wọ́n fi ẹfun fà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí àga Màmá. Màmá yóò gbé ọwọ́ sókè láti ibi tó jókòó, yóò dárúkọ ọmọ náà, yóò sì súre fún un. Wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé kíláàsì. Màmá tún ṣe òfin kan: ẹnikẹ́ni tí ọ̀fìnkìn bá mú, kó dúró sílé títí ara rẹ̀ yóò fi yá. "Òfin àwọn ará Mídíà àti Páṣíà ni," ó ní. "Kò ní yí padà."

Ní Ọjọ́bọ̀, bí Màmá ti jókòó lẹ́nu géètì, imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín. Ó fún imú náà pa. Imú kọ̀. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹta, tó fi jẹ́ pé awò ojú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Fàsílátù gbé bùúta sílẹ̀. "Màmá, ẹ máa lọ sílé."

"Kí lo wí?"

"Òfin ará Mídíà ni, Màmá."

Gbogbo àwọn olùkọ́ wo ilẹ̀. Màmá wo géètì rẹ̀. Ọ̀la ni àwọn òbí ń bọ̀ wá ka àwọn ọmọ. Ọ̀la náà ni yóò jẹ́ òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ̀jẹ́ rẹ̀ yóò yẹ̀. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó mú Bíbélì rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ibafo, níbi tó ń gbé.

Ṣùgbọ́n ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, fóònù Fọláwẹ̀mí dún.

"Fọláwẹ̀mí, Èlíṣà kò jáde nínú ilé," ni ohùn kan tó ti há wí. "Ó kàn ránṣẹ́ ni. Gbé fóònù yìí lọ sẹ́nu géètì, kí o sì jẹ́ kó máa pariwo."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Fọláwẹ̀mí dúró lẹ́bàá àga òfìfo náà, ó na fóònù síwájú. Bí ọmọ kan bá fọwọ́ tán, tó dúró sórí ìlà, Fọláwẹ̀mí yóò dárúkọ rẹ̀, Màmá yóò sì súre fún un láti orí bẹ́ẹ̀dì ní Ibafo. Àwọn òbí tó wá kà wọ́n dúró tì wọ́n, wọ́n ń ṣe àmín. Ọmọ mẹ́sàn-án péré ni kò wá. Bàbá kan tó ti ń sọ pé kí wọ́n ti géètì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ní òun kò rí ohun tí a ó tì í fún.

Agogo lù. Ó ku Fàsílátù, tó ti ń da omi fún gbogbo èèyàn láti àárọ̀. Ó da ti ara rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó dúró sórí ìlà, ó sì di ojú.

"Fàsílátù ló kàn, Màmá."

"Háà, ọmọ oníbúlúù! Fàsílátù, orí rẹ..."

Fóònù dákẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

Wọ́n dúró. Fóònù kò sọ nǹkan kan.

"Wọlé, Fàsílátù," ni Ọ̀gá Ayọ̀wálé wí. "Agogo ti lù. Ó ti tó bẹ́ẹ̀."

Fàsílátù kò la ojú. "Orí mi kí ni?"

"Hẹn?"

"Màmá ní 'orí rẹ.' Orí mi kí ni? Wọn ò tí ì sọ ọ́."

"Orí ẹ á pé," ni bàbá rẹ̀ wí kíákíá. "Ó yá, wọlé."

"Ẹ̀yin kọ́, Bàbá. Màmá ni."

Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kúrò níbẹ̀. Fọláwẹ̀mí gun orí àga Màmá, ó na fóònù sókè ọ̀run. Ó yí sí ọ̀tún, ó yí sí òsì. Ní ìsàlẹ̀, ọmọ náà dúró ṣinṣin lórí ẹfun, ọwọ́ rẹ̀ mímọ́ ń kán omi sílẹ̀.

Fóònù dún. Fọláwẹ̀mí tẹ̀ ẹ́.

"...á pé!" ni ohùn Màmá bú jáde. "Ṣé ó gbọ́? Ẹ sọ fún un pé mo ní á pé! Mo ti ń pè láti ìgbà yìí!"

"Àmín!" ni gbogbo ẹnu géètì dáhùn.

Màmá sì sín sínú fóònù. Fàsílátù la ojú rẹ̀, ó sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì kúrò lọ́dọ̀ fóònù náà, ó ní, "Ìgúnpá, Màmá!" Lẹ́yìn náà ló gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì wọlé lọ.